Ta Ló San Gbèsè Ẹ̀gbà Ọrùn Yẹn Gan-an?

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá pe orúkọ ẹ̀, á kàn dìde, á máa wojú ìwé bíi pé ìwé yẹn ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òun ló da iṣẹ́ rú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tá a ka "The Necklace". Mo ti ń palẹ̀ mọ́ ní tèmi o, mo ti kọ kókó ọ̀rọ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ìgbéraga, ojúkòkòrò, irọ́ pípa, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú, àwọn tó kù ti ń dà á kọ, ló bá nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọkọ ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ọkọ ta ni. Ó ní ọkọ obìnrin tó sọ ẹ̀gbà ọrùn nù. Ó ní láti àárọ̀ la ti ń sọ pé obìnrin yẹn fi ọdún mẹ́wàá jìyà, ṣé ọkọ ẹ̀ wá ń sinmi ni?

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìtàn tí mo ti kọ́ lọ́dọọdún, tí mo lè sọ lójú oorun, mi ò ronú kan ọkùnrin yẹn rí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á, tàbí tẹ́ ẹ ti gbàgbé ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti jáde ilé ìwé, Guy de Maupassant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́, ìwé ìròyìn kan ní Paris ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1884. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mathilde Loisel, ó rẹwà, àmọ́ akọ̀wé kékeré kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba ló fẹ́ ẹ, ayé tó ń gbé ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Lọ́jọ́ kan ni ọkọ gbé ìwé ìpè wá sílé, wọ́n pè wọ́n sí òde ńlá, dípò kí inú ìyàwó dùn, ẹkún ló bú sí, ó ní òun ò láṣọ. Ọkọ fún un ní 400 francs kó fi rán aṣọ. Ó tún ní òun ò ní nǹkan ẹ̀ṣọ́, ló bá lọ yá ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó lówó. Òde dùn, wọ́n darí sílé, ẹ̀gbà ọrùn ti di àwátì. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, wọ́n lọ ra òmíràn tó jọ ọ́ ní 36,000 francs, wọ́n dá a padà láìsọ nǹkan kan fún olóhun, wọ́n wá fi ọdún mẹ́wàá san gbèsè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yẹn ni Mathilde pàdé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, ọ̀rẹ́ ẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó ní ayédèrú ni tòun, ó pọ̀ jù kó tó 500 francs. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Maupassant ò tún sọ nǹkan kan.

Ọmọ ẹ̀yìn fèrèsé yìí ní, "Ma, 400 yẹn, ìbọn ló fẹ́ fi rà o."

Mo ṣí ìwé. Lóòótọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ti ń tọ́jú owó yẹn láti fi ra ìbọn kó lè bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde ọdẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlà kan péré ni Maupassant fi sọ ọ́, ó ní ojú ọkùnrin náà yí padà díẹ̀ nígbà tó gbọ́ iye yẹn, torí iye tó tọ́jú gan-an nìyẹn. Ó kàn ní kò burú, òun á fún un. Kò sí ibi tá a ti tún dárúkọ ìbọn títí ìtàn fi parí.

Ẹ wá wo bí kíláàsì ṣe gbiná. Ọ̀kan ní òun náà rí nǹkan, pé òru ọjọ́ tí wọ́n ti òde dé yẹn, ọkọ ló tún wọṣọ padà, tó fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá láti lọ wá a, aago méje àárọ̀ ló tó wọlé. Òmíràn ní ẹ tún wò ó, 18,000 nínú 36,000 yẹn, ogún bàbá ẹ̀ ni, kì í ṣe owó ìyàwó. Ẹnì kan tún rí i pé alaalẹ́ ló máa ń bá èèyàn da ìwé kọ kó lè rí kọ́bọ̀ gbà sí i. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn ìṣirò ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ti yára pín 36,000 sí 500, ó ní ọ̀nà 72 ni, ó ní ẹ̀gbà ọrùn 72 ni wọ́n san owó ẹ̀ lórí ọ̀kan. Gbogbo kíláàsì ló hó yèè. Bọ́ọ̀dù mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún wò ó.

Ó wá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago lù ni ọmọbìnrin míì, èyí tó máa ń bá gbogbo èèyàn jiyàn, sọ pé ẹ dúró ná, ẹ má wulẹ̀ máa káàánú ọkọ, ta ló ní kí wọ́n purọ́? A padà síbẹ̀. Ọkọ ni! Ọkọ ló ní kí ìyàwó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn ló já, wọ́n ń bá a tún un ṣe, kí wọ́n lè ráyè wá a. Ohun tó sì ní kí ìyàwó kọ náà ló kọ, òun ló ń pè é, ìyàwó ń kọ ọ́. Irọ́ pípa tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà kẹta, tí mo ti ń dì mọ́ Mathilde lórí láti ọjọ́ yìí, ọ̀dọ̀ ọkọ ló ti wá. Odindi èmi tíṣà.

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ojú tì mí (ojú tì mí díẹ̀). Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ yẹn ka ìtàn yẹn jù mí lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kà á sì ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni. Tíṣà mi ìgbà yẹn á wọlé, á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: ìtàn kúkúrú ni báyìí báyìí, àwọn èròjà ẹ̀ nìyí, àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, kókó ọ̀rọ̀, ojú tí wọ́n fi sọ ìtàn. A ó dà á kọ. Á wá sọ ìtàn náà fún wa lẹ́nu, á sọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, a ó da ìyẹn náà kọ. Ìdánwò dé, a ó da nóòtù sórí pépà bá a ṣe gbà á, a ó sì yege. Mo yege dáadáa ní tèmi, A ni mo gbà. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé nínú ìtàn mẹ́fà tá a ṣe lọ́dún yẹn, ẹyọ kan ni mo kà látòkèdélẹ̀, ìyẹn náà nítorí pé ó kúrú.

Nígbà tí èmi náà wá di tíṣà, kí ni mo mọ̀ tí mo máa ṣe? Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe fáwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo wulẹ̀ tún fi àwòrán kún un ni, òkè tá a máa ń yà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, tí ìlà á máa gòkè bọ̀ látàárọ̀ títí á fi dé ṣóńṣó, á wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo wá mọ ibi tó ti wá. Ará Jámánì kan, Gustav Freytag, ló yà á sínú ìwé tó ṣe ní 1863, eré orí ìtàgé ló sì ń sọ, àwọn eré onípele márùn-ún, tàwọn Gíríìkì àti ti Shakespeare. Ìtàn kúkúrú ò sí lọ́kàn ẹ̀ rárá. Àwa la wá lọ gbé aṣọ àgbà wọ ọmọdé, tí aṣọ bá wá ń wọ́ nílẹ̀ a ó ní ọmọ yẹn ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ.

Ẹ mú "The Story of an Hour" bí àpẹẹrẹ, ti Kate Chopin, 1894. Gbogbo ìtàn yẹn ò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,000 lọ, ẹ lè kà á tán kí omi tó hó. Ìyáàfin Mallard ní àìsàn ọkàn, wọ́n wá rọra túfọ̀ fún un pé ọkọ ẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin. Ó sunkún, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Níbẹ̀ ni nǹkan kan ti ń bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀, òun gan-an ń bẹ̀rù ẹ̀, ó ń tì í sẹ́yìn, títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀ pé òun ti dòmìnira. Ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ sí nítòsí ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin yẹn ṣubú, ó kú. Àwọn dókítà ní ayọ̀ ló pa á.

Ó yá, níbo ni ṣóńṣó òkè wà? Mo bi wọ́n lọ́dún kan, àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀kan ní ìgbà tí ọkọ ṣílẹ̀kùn ni, ìgbà yẹn làyà gbogbo èèyàn já. Èkejì ní irọ́ ni, iwájú fèrèsé ni, nítorí pé ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ti di ẹlòmíràn, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kàn gba ohun tó rí lójú fèrèsé lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Mi ò lè dájọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Nígbà tí mo ṣì ń ya òkè, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń kọ ọ́ sí, ẹni tó bá sì kọ fèrèsé mo máa ń fa igi lé e. Ó ń dùn mí. Mi ò mọ iye ọmọ tí mo gba máàkì lọ́wọ́ wọn torí wọ́n ronú.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà yẹn náà, òun la fi máa ń kọ́ wọn ní áírọ́nì. Tẹ́lẹ̀, màá kọ́kọ́ sọ ohun tí áírọ́nì jẹ́, oríṣi mẹ́ta ló wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó wá fún wọn ní ìtàn. Ṣé ẹni tí wọ́n ti sọ àwàdà fún tán ló ń rẹ́rìn-ín? Nísinsìnyí mi ò sọ nǹkan kan, mo máa ń kà á débi tí àwọn dókítà ti sọ̀rọ̀, màá wá dákẹ́, màá máa wojú wọn. Lọ́dún tó kọjá ọmọ kan kàn pariwo, "Wọn ò mọ̀!" Mo ní ta ni ò mọ nǹkan wo. Ó ní àwọn dókítà, àbúrò ẹ̀, ọkọ ẹ̀, gbogbo wọn, wọ́n rò pé inú ẹ̀ dùn pé ọkọ ẹ̀ wà láàyè, a mọ̀, àwọn ò mọ̀, wọn ò sì ní mọ̀ láé. Mo ní ohun tó o ṣàlàyé yẹn lórúkọ o. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ ọ̀rọ̀ náà sójú bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó gbàgbé ẹ̀.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ò le. Mo máa ń kà á sétí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró. Kò sí nóòtù ṣáájú, kò sí ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, kò sí "lónìí a fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa". Ọ̀rọ̀ tó le gan-an tó lè dí wọn lọ́nà, mo máa ń mú márùn-ún péré, màá sọ ìtumọ̀ ẹ̀ kíákíá, ó tán. Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ti sọ ọ́ tipẹ́, ní 1842, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìtàn Hawthorne, òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀, pé ìtàn tó dáa ni èyí téèyàn lè kà tán ní ìjókòó kan, láàárín ìlàjì wákàtí sí wákàtí kan tàbí méjì, torí pé téèyàn bá ti gbé e sílẹ̀ tó lọ ṣe nǹkan míì, ayé á ti dá sí i, agbára tí ìtàn fi di èèyàn mú á ti tú. Àwa tíṣà wá ń gé e sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú ìwé méjì lónìí, ìbéèrè mẹ́wàá lórí ẹ̀, ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló ń gbọ́ orin bẹ́ẹ̀?

Ti Poe fúnra ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, "The Tell-Tale Heart", 1843. Ẹni tó ń sọ ìtàn ń bẹ̀ wá ká gbà pé orí òun ò dà rú, bó ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ lorí ẹ̀ ń dà rú sí i lójú wa. Ó ní ojú bàbá àgbà kan ló ń bí òun nínú, ojú kan báyìí tó dà bíi ti igún. Òru méje ló fi ń yọ́ wọ yàrá bàbá yẹn, ojú náà máa ń wà ní pípadé, ní òru kẹjọ ló rí i ní ṣíṣí. Mo ka ìtàn yẹn bí ẹni tí iná ń jó lára. Ìgbà àkọ́kọ́ gan-an mo ṣàṣejù, mo ń fọwọ́ lu tábìlì bí ìró ọkàn bàbá yẹn tó ń lù nínú ìtàn, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ń jó sí i níjókòó, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́dún kejì mi ò lu nǹkan kan. Mo kàn ń kà á, mo jẹ́ kí ohùn mi máa yára bí Poe ṣe kọ ọ́, torí gbólóhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo kàn tẹ̀ lé e ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tá a ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn. Mo ní kí ọmọ kan sọ ìtàn náà padà fún wa ní Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì ń dá a dúró, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé e. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó dùn létí ju bí mo ṣe kà á lọ. Ẹlòmíràn wá ní òun fẹ́ sọ ọ́ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀, "He", ni ọmọbìnrin kan bá ní ta ló ní ọkùnrin ni? Gbogbo wa dákẹ́. A wá a. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "èmi" ni ẹni yẹn ń pe ara ẹ̀, kò sọ orúkọ, kò sọ bóyá ọkùnrin lòun tàbí obìnrin. Nígbà tá à ń sọ ọ́ ní Yorùbá, "ó" la ń lò, "ó" yìí ò mọ akọ yàtọ̀ sábo, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Gẹ̀ẹ́sì ló fipá mú wa pé ká yan ọ̀kan, ibi tí ó ti fipá mú wa la ti rí i pé a ti yàn tipẹ́ láìmọ̀. Ọjọ́ wo ni ìwé nóòtù fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún wọn?

Èyí tó wá lágbára jù ni "The Lottery" ti Shirley Jackson. Tẹ́ ò bá tíì kà á, ẹ lọ kà á kẹ́ ẹ tó padà wá síbí, torí màá tú àṣírí ẹ̀.

Ìwé ìròyìn The New Yorker ló gbé e jáde ní June 26, 1948, ìtàn náà sì sọ pé June 27 ni ohun tóun ń sọ ṣẹlẹ̀. Ojú ọjọ́ dáa, òdòdó ń tanná, àwọn ará ìlú ń péjọ síta gbangba, wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà. Wọ́n fẹ́ mú bébà nínú àpótí dúdú kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Tessie Hutchinson pẹ́ dé, ó ní òun ń fọ abọ́ ni òun fi gbàgbé ọjọ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àṣé ẹni tí bébà tó ní àmì dúdú bá já mọ́ lọ́wọ́, òkúta ni wọ́n máa sọ pa á. Òun ló já mọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo bá kà á tán, mi kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni màá wá gbọ́ nǹkan kan tí mo ti wá fẹ́ràn ju gbogbo ohùn tó wà nínú ilé ìwé lọ, ìró bébà tó ń ṣí padà sẹ́yìn. Mi ò ní kí wọ́n ṣe é. Ẹnì kan á kàn padà sójú ìwé àkọ́kọ́, á ní "Áà! Òkúta yẹn!" Nítorí ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìpínrọ̀ kejì, àwọn ọmọkùnrin ń ṣa òkúta sápò, wọ́n ń ṣà èyí tó ń dán tó sì róbótó, wọ́n kó òmíràn jọ sí igun kan. Gbogbo wa la kà á, a rò pé eré ọmọdé ni. Ọdún yìí, ọmọbìnrin kan ló nawọ́ sí òmíràn tó tún burú jùyẹn, lápá ìparí, pé ẹnì kan fún ọmọkùnrin Tessie tó kéré jù, Davy, ní òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sọ́wọ́. Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ma, ìyá ẹ̀ ni o." Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta wá ni "ẹnì kan" yẹn? Kí ló dé tí wọn ò dárúkọ ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn yòókù ni wọ́n ń dárúkọ?

Ìgbà tá a dé bẹ̀ ni mo tó sọ fún wọn pé nígbà tí ìtàn yẹn jáde, lẹ́tà tó ju 300 lọ ló wọlé fún Jackson láàárín ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ń bínú, ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tó ń sọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é káwọn lè lọ wòran. Àwọn ọmọ mi ò gbà mí gbọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Èyí tó ní káwọn lọ wòran yẹn ló gbà wọ́n ní gbogbo àkókò tó kù.

Mi ò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ o. Kíláàsì kan wà tí wọ́n ń sùn. Ọmọ kan wà tó sọ fún mi lójú pé òun kórìíra ìtàn, òun ò rí ohun tó kan òun nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ò gbé ayé rí, mi ò sì tíì rí ìdáhùn tó dáa fún un. Àwọn olórí ẹ̀ka náà ń bi mí pé nóòtù àwọn ọmọ yìí dà, mo sì máa ń padà wá kọ nóòtù fún wọn, torí ìdánwò ò ní kú, àmọ́ ẹ̀yìn kíkà ló ń wá báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lọ wá ìtàn tí wọ́n ti gé kúrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn ti ń ní kí ẹ̀rọ bá wọn kọ àròkọ. Mi ò bá wọn jà. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n ló ti yí padà. Mo lè ní kí wọ́n sọ nǹkan kan tí ọkọ Mathilde yááfì tí ìtàn ò tún dárúkọ mọ́. Èyí tí wọ́n kékúrú yẹn, mo ti wo mélòó kan, kò sí ìbọn níbẹ̀. Kò sí òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ Davy. Wọ́n á ní obìnrin kan sọ ẹ̀gbà ọrùn nù, ó sì kọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ "ó sì kọ́gbọ́n" yìí gan-an, mo ti bá a jà títí ó ti sú mi. Ẹ̀kọ́ wo ni Mathilde kọ́? Ìtàn parí kó tó lajú láti ìyàlẹ́nu. Àwa la sáré lọ kọ ẹ̀kọ́ sí i lẹ́nu.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọmọ ẹ̀yìn fèrèsé. Kò wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn o, ẹ má rò pé ìtàn irú ẹ̀ ni. Ó padà sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè tó wá (èmi kọ́ ni mo gbé e kalẹ̀) ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìgbéraga gẹ́gẹ́ bí kókó ọ̀rọ̀ nínú "The Necklace". Mo dé orí pépà ẹ̀ lóru, ó ti rẹ̀ mí, bírò pupa wà lọ́wọ́ mi. Ó kọ ìlà mẹ́ta lórí ìgbéraga, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nínú nóòtù. Ó wá fi ojú ewé kan àti ààbọ̀ kọ nípa ọkọ. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dán mọ́rán, ó ń gbé ọ̀rọ̀ lórí ara wọn, àmọ́ ó ní ọkọ ló san owó, ọkọ náà ló dá irọ́ sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé ó ń san gbèsè ìyàwó ẹ̀, ti ara ẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí kò fi bá ìyàwó jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní odindi ọdún mẹ́wàá. Mo padà lọ wo ìwé. Lóòótọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti jà.

Ìwé tí wọ́n fún wa láti fi máàkì ò ní àyè fún ọkọ. Ìgbéraga, máàkì mẹ́rin. Ojúkòkòrò, máàkì mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 20. Mo fún un ní 8, mo ṣí i kọjá, mo tún ṣí i padà, torí mo rí i pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ti fa ìlà pé òun ti parí, kó tó tún fi bírò míì kọ ìlà kan sí abẹ́ ẹ̀, ó jọ pé wọ́n ti ń gba pépà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, torí lẹ́tà ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kọ ọ́ pé ìtàn yìí ò sọ bóyá ọkùnrin náà padà ra ìbọn ẹ̀.

Mo fa igi lé 8 yẹn.